Níbo ni ìwúwo igi ti wá? Àkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì báọ́lọ́jì orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ní kí n yẹ̀ wò

Ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 ni ASUU gùn lé ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Kó tó di oṣù kẹrin, àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní SS3, tí wọ́n ti wọ yunifásítì, tí a ti jó tí a ti yọ̀ fún, ti padà sílé n'Íbàdàn bí ẹni tí kò lọ ibì kankan. Ọ̀kan ń kọ́ irun dídì. Ọ̀kan ń bá àbúrò bàbá rẹ̀ gun ọ̀kadà. Ọ̀kan tó yẹ kó máa ka Microbiology ń bá ìyá rẹ̀ sẹ́ ògì, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò kúkú jìnnà sí ohun tó lọ kà.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n kan pè mí láti Lọ́ńdọ̀n. Àwọn ni alága ẹ̀ka ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé wa níbẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. A ti rí kọ́ọ̀sì báọ́lọ́jì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti àwọn ọmọ 100 level gan-an ni. Ogójì ọmọ la fẹ́ sanwó fún, kí ìwé má baà kúrò lórí wọn. Àmọ́ a ò fẹ́ da owó ẹgbẹ́ sómi. Ẹ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò, kẹ́ ẹ sọ fún wa: ṣé ká san án ni, àbí ká má san án?"

Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjìlá àti ọmọ méjìlá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé àpọ́sítélì ni mo fẹ́ yàn ni.

Mi ò ní dárúkọ kọ́ọ̀sì náà. Àwọn tó ṣe é ṣiṣẹ́, èyí tó sì bá wa lórí rẹ̀ lè bá ẹlòmíràn lórí irú rẹ̀ mìíràn. Ìpín mẹ́wàá ló ní: kẹ́mísìrì inú ohun alààyè, sẹ́ẹ̀lì, bí oúnjẹ ṣe ń di agbára, fótósíńtẹ́sìsì (bí ewéko ṣe ń ṣe oúnjẹ), bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń pín, ohun tí ọmọ ń jogún, DNA àti purotéènì, ẹfolúṣọ̀n, ara ènìyàn, àti àyíká. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, fídíò kéékèèké wà, ìbéèrè ọbújẹ́ẹ̀tíìfù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà láàbù orí ẹ̀rọ. Ìdánwò ló kẹ́yìn gbogbo rẹ̀, sátífíkéètì sì wà fún ẹni tó bá yege.

Ìgbésẹ̀ tí mo kọ́kọ́ gbé, mo ṣi í gbé. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, mo wo ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́ tán, mo sì ń fi máàkì sílẹ̀ bí ìsípẹ́kítọ̀: àwòrán, ó dára, ohùn olùkọ́, ó já geere, àṣìṣe, kò sí. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un. Ọjọ́ kejì ló tó yé mi pé ẹni tó ti yó ni mo jẹ́, mo sì ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún ẹni tí ebi ń pa. Ohun tí fídíò náà sọ ni mo ti mọ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ó kọ́ni?

Ni mo bá pa ìwé máàkì yẹn tì. Mo kọ ìbéèrè márùn-ún sílẹ̀, mo sì ní kí àwọn ọmọ méjìlá náà dáhùn wọn kí wọ́n tó tẹ fídíò kankan. Wọ́n lè fi Yorùbá dáhùn, wọ́n lè fi Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n lè dà á pọ̀. Ìkíní: igi ìrókò ńlá kan bẹ̀rẹ̀ láti inú èso tí kò tó nǹkan, níbo ni púpọ̀ nínú ìwúwo rẹ̀ ti wá? Ìkejì: ọkọ jẹ́ AS, aya jẹ́ AS, wọ́n ti bí ọmọ mẹ́ta tí kò sí SS nínú wọn; oyún kẹrin wá dé, kí ni ẹ lè sọ nípa rẹ̀? Ìkẹta: kí ló dé tí oògùn tó ń pa ẹ̀fọn tẹ́lẹ̀ kò fi pa á mọ́? Ìkẹrin: ẹ ya sẹ́ẹ̀lì awọ àlùbọ́sà bó ṣe rí lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ìkarùn-ún: ẹ̀wà gbígbẹ tó wà nínú àpò lọ́jà, ṣé ó wà láàyè?

Èmi kọ́ ni mo dá ọgbọ́n yìí. Ní 1998, Richard Hake, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, kó èsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 6,000 jọ, ti ìdánwò tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó gba ẹ̀kọ́ àti èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó rí ni pé kíláàsì tí olùkọ́ nìkan ti ń sọ̀rọ̀ kì í sún síwájú tó èyí tí àwọn ọmọ ti ń ṣe nǹkan, tí wọ́n ń jiyàn. Ní 2002, àwọn onímọ̀ báọ́lọ́jì gbé ogún ìbéèrè jáde lórí bí àyíká ṣe ń ṣa àwọn ẹ̀dá yàn. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni pé ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti mú àwọn ìdáhùn tí kò tọ́. Ẹni tó bá kùnà, wàá mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ìbéèrè inú kọ́ọ̀sì tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn kan tọ́, mẹ́ta yòókù jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í rò. Ọmọ tí kò wo fídíò náà rárá lè mú èyí tó tọ́.

Mẹ́wàá nínú àwọn méjìlá kọ ọ́ pé ilẹ̀, ajílẹ̀ àti omi ni ìwúwo ìrókò ti wá. Ẹnìkan ní oòrùn ni. Ẹnìkan ní afẹ́fẹ́, nígbà tí mo sì bi í léèrè, ó ní òun kàn méfò ni. Mo tún ní kí wọ́n kọ ìdọ́gba fótósíńtẹ́sìsì sísàlẹ̀ ìwé kan náà. Mọ́kànlá kọ ọ́ láìṣì í: carbon dioxide, ìyẹn gáàsì kan nínú afẹ́fẹ́, àti omi wọlé, ṣúgà àti ọ́ksíjìn jáde. Ìdáhùn wà nísàlẹ̀ ìwé, ilẹ̀ wà lókè ìwé, kò sì sẹ́ni tó rí i pé méjèèjì ń bá ara wọn jà.

Kí n tó sọ bó ṣe lọ, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ iná àti détà kúrò lọ́nà. Fídíò náà ń gbé ara rẹ̀ sórí àwòrán tó mọ́ jù lọ, bí ọmọ kò bá sì mọ ibi tí wọ́n ti ń dín in kù, détà ọ̀sẹ̀ kan á lọ lọ́jọ́ kan. Wọn ò jẹ́ kéèyàn gbà á sórí fóònù kó wò ó lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ wá ń dúró de détà òru, wọ́n ń wo bí mitokọ́ńdíríà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní aago kan òru. Ẹnìkan ń mú fídíò sáré ní ìlọ́po méjì nítorí ó rò pé détà tó máa jẹ á dín sí ìdajì. Láàbù orí ẹ̀rọ ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ṣe é fún. Lórí fóònù, bọ́tìnì tó yẹ kéèyàn fà wà lẹ́yìn ojú fóònù, ọwọ́ kò tó o.

Ọmọbìnrin tó ń ka Nọ́ọ̀sì ló rí ọ̀nà àbáyọ. Nísàlẹ̀ pátápátá lójú ìwé, níbi tí kò sẹ́ni tó ń wò, wọ́n kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fídíò sílẹ̀. Kíkà rẹ̀ kò jẹ détà tó nǹkan. Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé yẹn ni púpọ̀ nínú wọn ń kà, fídíò kan péré ni wọ́n sì ń wò lọ́sẹ̀, èyí tí mo bá sọ pé àwòrán inú rẹ̀ tó owó rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé ohun tó wúlò jù nínú kọ́ọ̀sì olówó ńlá náà ni ìwé tí wọ́n fi pa mọ́ sísàlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin la dé fótósíńtẹ́sìsì. Ẹnìkan ti fi wá sílẹ̀ nígbà yẹn, ó ríṣẹ́ sí ilé epo. Mọ́kànlá tó kù ṣe ìbéèrè inú kọ́ọ̀sì, kò sí ẹni tó kùnà ju ẹyọ kan lọ. Inú mi dùn. Mo tún gbé ìrókò síwájú wọn. Mẹ́jọ ní ilẹ̀ ni.

Kí n má purọ́, ojú tì mí fún ara mi. Èmi ni mo kọ́ wọn ní SS2, kọ́ọ̀sì yìí tún wá kọ́ wọn, ilẹ̀ ṣì ni.

Sátidé yẹn, ní láàbù ilé-ìwé wa, mo sọ ìtàn Jan Baptista van Helmont fún wọn. Ará ìlú Brussels ni, ó kú ní 1644, ọmọ rẹ̀ ló tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1648. Ó gbin igi willow tó wúwo pọ́n-ùn 5 sínú ilẹ̀ gbígbẹ tó wọ̀n sí pọ́n-ùn 200, omi nìkan ló ń bu sí i. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, igi náà ti tó pọ́n-ùn 169, ilẹ̀ kò sì dín ju nǹkan bí áúǹsì méjì lọ. Àwọn ọmọ pariwo. "Mà, ilẹ̀ yẹn ò kúkú lọ ibì kankan!" Ọmọ tó ń ka Nọ́ọ̀sì ní, "Omi ni nígbà yẹn." Mo ní ohun tí van Helmont náà sọ nìyẹn, òun náà kò sì gbà á.

A wà lórí omi fún bí ìdajì wákàtí. Ọmọ ológì yẹn ti dákẹ́ látàárọ̀. Ó wá ní, "Mà, òjúoró ńkọ́?"

Ọmọ Yorùbá wo ni kò tíì gbọ́ ọ nínú àdúrà pé òjúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò? Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Òṣíbàtà ti gbòǹgbò rẹ̀ bọ ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ odò. Òjúoró kò kan ilẹ̀ rárá, gbòǹgbò rẹ̀ kàn ń fì lábẹ́ omi bí irùngbọ̀n. Síbẹ̀ á máa pọ̀ títí á fi bo odò. Ọmọ náà ní, "Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ni, ta ló ń bọ́ òjúoró?" Ẹlòmíràn dáhùn pé omi náà ni. Ọmọ ológì ní kí wọ́n sá a sóòrùn. Wọ́n rò pé ó ń ṣeré ni. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé òjúoró tó ti gbẹ bí ewé gbégbé wá nínú ọ̀rá. Omi ti lọ, ara ṣì wà. A fi iná sun díẹ̀ nínú agolo tí a dé, ó di èédú. Mo ní, "Kí ni èédú?" Wọ́n ní carbon. Mo ní, "Carbon wo ló wà nínú omi?"

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọlọ́kadà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, tó ń nawọ́ sójú fèrèsé, tó ní, "Afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ yìí náà." Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá sọ èyí tó dùn jù nínú ìtàn náà fún wọn. Van Helmont kan náà ló dá ọ̀rọ̀ "gas" sílẹ̀. Ó jó èédú igi óákù pọ́n-ùn 62, eérú pọ́n-ùn kan ló kù, ó sì sọ pé ìyókù ti fò lọ gẹ́gẹ́ bí gáàsì. Gáàsì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, igi wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, kò so wọ́n pọ̀.

Yorùbá la fi jiyàn látòkè délẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kọ́ọ̀sì náà. Kì í ṣe tuntun. Láti 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà n'Ílé-Ifẹ̀, níbi tí àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, tí wọ́n sì ṣe dáadáa. Àwọn ọmọ mi lè ka Gẹ̀ẹ́sì báọ́lọ́jì bí ẹni ń ka oríkì. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bára wọn jà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń wá Yorùbá.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ohun tí ọmọ ń jogún. Mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ̀wà pea ti Mendel ni kọ́ọ̀sì náà fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi cystic fibrosis, àìsàn àjogúnbá tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn òyìnbó, ṣe àpẹẹrẹ ti ènìyàn. Sickle cell kò wọlé títí di ìpín tó tẹ̀ lé e, lórí purotéènì. Ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ti ṣe mí, ní orílẹ̀-èdè tí nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ti ń gbé AS kiri. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ṣe é dé góńgó. Vernon Ingram fi hàn ní 1957 pé nínú purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì pupa, ẹyọ amino acid kan ṣoṣo, ìyẹn ègé tí wọ́n fi ń to purotéènì, ló yàtọ̀, pé valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Kọ́ọ̀sì náà yí purotéènì yẹn po lójú wa, a rí bí ẹyọ kan yẹn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹnìkejì rẹ̀, tí wọ́n ń to bí okùn, tí sẹ́ẹ̀lì pupa sì tẹ̀ bí dòjé. Ogún ọdún ni mo ti ń fi ṣọ́ọ̀kì ya á sára bọ́ọ̀dù. Mi ò rí i kedere tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wàhálà wà níbòmíràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́sàn-án nínú méjìlá ti sọ pé ọmọ kẹrin AS àti AS yẹn máa jẹ́ SS, nítorí "ẹyọ kan nínú mẹ́rin" ni tíṣà sọ, mẹ́ta ti kọjá, ó ku ẹyọ kan. Lẹ́yìn ìpín náà, gbogbo wọn ló ya àpótí onígun mẹ́rin yẹn, tí wọ́n to AA, AS, AS, SS sínú rẹ̀. Márùn-ún nínú mẹ́sàn-án tó kù ṣì ní ọmọ kẹrin ti gbé e. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi nígbà tí àwọn yòókù ti lọ pé AS ni ìyá òun àti bàbá òun, pé ẹ̀gbọ́n òun tó jẹ́ SS ti kú. Ó ní, "Mọ́mì sọ pé òun ló gbé e lọ fún àwa yòókù."

Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dáhùn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Àpótí onígun mẹ́rin kò lè bá ìyá rẹ̀ jà. Ó sì lè ná ọmọbìnrin náà ní ohun tó pọ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ fẹ́ ọkọ, bó bá rò pé ilé àwọn ti san gbèsè tiwọn, tí kò sì lọ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo kó ìdérí kóòkì wá. Mo kọ A sí ojú kan, S sí ojú kejì. Wọ́n pín sí méjì-méjì, ọkọ àti aya, ẹnìkan dá wà tí èmi bá a ṣe tọkọtaya. Ẹni kọ̀ọ̀kan ju ìdérí kan, ohun tó bá hàn ni ọmọ. Tọkọtaya kọ̀ọ̀kan á bí ọmọ mẹ́rin, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìdílé mìíràn. Ẹ̀rín pọ̀. Ìdílé kan bí SS mẹ́ta tẹ̀ léra, gbogbo kíláàsì sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, eré tí à ń ṣe di nǹkan mìíràn. Àwọn ìdílé kan bí mẹ́rin láìní ẹyọ kan. Nígbà tí a to gbogbo wọn pọ̀, ó sún mọ́ ẹyọ kan nínú mẹ́rin. Mo bi wọ́n pé, "Ìdérí yìí, ṣé ó rántí ohun tó jù lẹ́ẹ̀kan?" Ọmọbìnrin yẹn ló dáhùn, jẹ́jẹ́, pé kò rántí. Ẹnìkan péré ló ṣì dúró lórí ìdáhùn àtijọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà, kì í sì í ṣe òun.

Ti ẹ̀fọn yà mí lẹ́nu lọ́nà mìíràn. Mo ti ń lérí pé àpẹẹrẹ ilẹ̀ òkèèrè ló máa ba kọ́ọ̀sì náà jẹ́. Ehoro inú yìnyín ni wọ́n fi kọ́ bí àyíká ṣe ń ṣa ẹ̀dá yàn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi tó rí yìnyín rí. Ṣùgbọ́n eré orí ẹ̀rọ ni wọ́n fi ṣe é. Ìwọ gan-an lo máa jẹ́ ẹyẹ, wàá máa pa ehoro tí o bá rí, funfun ṣòro láti rí, brown ló ń kú, ìran kan tẹ̀ lé òmíràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mọ́kànlá ti sọ pé ara ẹ̀fọn ti mọ́ oògùn náà ni, bí ara ènìyàn ṣe ń mọ́ ata. Lẹ́yìn eré yìí, mẹ́fà nínú mẹ́jọ tó kù ní ẹ̀fọn kankan kò yí padà. Èyí tí oògùn kò lè pa láti ìbẹ̀rẹ̀ ló yè, òun ló ń bímọ. N kò fi ẹnu kan kún un. Kọ̀ǹpútà láàbù wa kan ṣoṣo ni wọ́n tò sí láti ṣeré náà, ẹni tó bá sì ṣe tirẹ̀ tán kò fẹ́ dìde.

Láàbù máíkírósíkóòpù kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ẹ̀rọ, wọ́n tẹ bọ́tìnì, àwòrán tó ti dára tẹ́lẹ̀ jáde, wọ́n kọ orúkọ sí i, wọ́n gba máàkì. Mo gbé àlùbọ́sà àti abẹ́fẹ́lẹ́ fún ọmọ tó gba máàkì tó pé. Ó gé e nípọn bíi ti ọbẹ̀, ó da aiodíìnì lé e, ó fi gíláàsì bò ó láìfara balẹ̀, ó sì yàwòrán àwọn róbótó mèremère tó rí. Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ gíláàsì ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá ti ṣe WAEC Practical rí mọ bí ìyẹn ṣe ń rí. Ti ẹ̀wà gbígbẹ, mi ò ní fi gùn yín: kọ́ọ̀sì náà kò dé ibẹ̀.

Márùn-ún gba sátífíkéètì. Méjì mìíràn bá wa dé òpin láìṣe ìdánwò. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé márùn-ún kéré, kó mọ̀ pé ní ọdún àkọ́kọ́ tí Harvard àti MIT gbé kọ́ọ̀sì sórí edX, ojúlé ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kan, láti 2012 sí 2013, kọ́ọ̀sì 17 ni wọ́n gbé jáde, ìforúkọsílẹ̀ 841,687 ni wọ́n gbà, 43,196 ló gba ìwé ẹ̀rí, ìyẹn márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. 292,852 kò tilẹ̀ ṣí ẹ̀kọ́ kankan wò. Báọ́lọ́jì ìbẹ̀rẹ̀ tí Eric Lander kọ́ ní MIT wà lára àwọn kọ́ọ̀sì yẹn, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé kò mọ̀ ọ́n kọ́. Tèmi ṣe dáadáa ju ìyẹn lọ nítorí Sátidé, àti nítorí pọfù-pọfù tí ìyàwó gáádì ń dín lẹ́nu géètì. Mo kọ pọfù-pọfù náà sínú ìròyìn.

Ẹ̀gbọ́n kà á, wọ́n pè mí. "Tíṣà, ojú ìwé mẹ́rin! Mo ní ká san án àbí ká má san án."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má san ti ogójì. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò gba owó, ẹnikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdánwò àti sátífíkéètì nìkan ni owó yẹn wà fún."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ó yé mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó dáwó á fẹ́ rí nǹkan. Sátífíkéètì ṣeé yà ní fótò. Òjúoró tẹ́ ẹ sá, ta ni mo fẹ́ fi hàn?"

Ọ̀rọ̀ wọn náà lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. A dúnàádúrà bí ẹni tó wà lọ́jà Bódìjà. Níkẹyìn a gbà pé ọmọ tó bá dé ìpín kẹjọ ni ẹgbẹ́ á san sátífíkéètì fún. Ìyókù owó á ra máíkírósíkóòpù àlòkù méjì àti détà fún ìpín purotéènì àti ti ehoro, èyí tí a ò lè fi kíkà rọ́pò. Ìwé báọ́lọ́jì ti OpenStax, tí Yunifásítì Rice ní Houston ń fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́, la fi rọ́pò púpọ̀ nínú fídíò yòókù. Mo gbà á lẹ́ẹ̀kan, mo fi Xender pín in sórí fóònù gbogbo wọn. Owó ọkọ̀ olùkọ́ Sátidé náà wọlé. Mo mọ̀ pé ẹnu ara mi ni mo fi sọ ìyẹn, mo sì sọ ọ́ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni.

ASUU padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù kẹwàá, àwọn ọmọ lọ. Mo fi ìbéèrè kan pa mọ́ tí n kò bi wọ́n nígbà tí a wà papọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjìlá lórí WhatsApp: ẹni tó sanra, tó wá rù, níbo ni ọ̀rá ara rẹ̀ gbà lọ? Ìṣirò rẹ̀ jáde ní 2014 láti ọwọ́ àwọn onímọ̀ méjì ní Ọsirélíà: nínú ọ̀rá kílò 10, kílò 8.4 máa ń bá èémí jáde bíi carbon dioxide, ìyókù á di omi.

Àwọn mẹ́jọ fèsì. Àwọn kan ní òógùn ni, àwọn kan ní ó di agbára, ẹnìkan ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni, ó sì fi ẹ̀rín sí i. Mẹ́ta gbà á. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́ta yẹn ló ní sátífíkéètì. Ọmọ ológì, tó ti fi kọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní ìpín kẹfà nígbà tí fóònù rẹ̀ já sínú omi ògì, fi ohùn ránṣẹ́ láti ọgbà ilé-ìwé. Ariwo jẹnẹrétọ̀ pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Mà, ẹ káàsán mà. Imú ló gbà jáde. Òjúoró yẹn náà ni mà, wọ́n kàn dorí ẹ̀ kodò ni."